Ta ló gbọ́ èdè ìyá wa ní kóòtù?

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ̀yin ará, mo fẹ́ kí àwọn obìnrin tó ti dé kóòtù rí sọ ojú tí wọ́n fi wo èdè àti àṣà wọn níbẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀sùn olè kan màmá mi ní ìpínlẹ̀ kan tí kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ. Èdè Òyìnbó ni akọ̀wé fi ka ẹ̀sùn náà. Kò yé màmá mi, ṣùgbọ́n nítorí pé iwájú àgbà ni wọ́n gbà pé àwọn wà, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ má bínú, Olúwa mi.” Ẹnìkan tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀ sọ fún adájọ́ pé àforíjì ni wọ́n ń tọrọ, adájọ́ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n gbà pé àwọn jẹ̀bi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n lò ní àhámọ́.

Àdùnní: Ìkúnlẹ̀ tí a fi ń kí àgbà ni wọ́n sọ di ẹ̀rí! Ó dùn mí wọ eegun.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ẹ dákun, kò tètè yé mi. Ṣé adájọ́ kò béèrè lẹ́ẹ̀kejì ni?

Àbẹ̀kẹ́: Ó béèrè, ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n èdè Òyìnbó kan náà ni. Màmá mi rò pé orúkọ wọn ló ń pè, wọ́n sì dáhùn pé, “Yẹ́ẹ̀sì, sà.”

Agbẹjọ́rò Alákè: Abala 36(6)(e) ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ẹ béèrè kí wọ́n tó ka ẹ̀sùn tán, kí ẹ sì rí i pé adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Ní Mẹ́síkò, wọ́n ní Jacinta Francisco Marcial, ọmọ ẹ̀yà Otomí, jí ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ mẹ́fà gbé. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún 21 fún un láìsí ògbufọ̀. Wọ́n tú u sílẹ̀ ní 2009, ṣùgbọ́n ọdún 2017 ni ìjọba tó bẹ̀ ẹ́ ní gbangba.

Àdùnní: Èmi lọ dúró fún àbúrò mi ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọlọ́pàá tó wà ní kántà ní kí n lọ pe ọkùnrin wá, pé àṣà wa kò gba obìnrin ní onídùúró.

Agbẹjọ́rò Alákè: Irọ́ ni. Abala 167(3) òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, ọdún 2015, sọ pé a kò gbọdọ̀ kọ onídùúró kìkì nítorí pé ó jẹ́ obìnrin.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Kí wọ́n má sì purọ́ mọ́ àṣà wa. Láti 1908, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole, ni kóòtù l'Ékòó ti gbà pé ọmọbìnrin lè jẹ́ olórí ẹbí Yorùbá.

Ìyá Rẹ̀mí: Ọmọbìnrin lẹ̀ ń sọ. Opó ńkọ́? Ìdí-igi ni ẹbí ọkọ mi fi pín ogún: ìyàwó mẹ́ta, ìpín mẹ́ta. Àwọn ọmọ mi gba ìpín lórúkọ mi, èmi kò gba nǹkan kan. Agbẹjọ́rò wọn ka ẹjọ́ Akinnubi ti 1997 sétí adájọ́, pé àṣà Yorùbá kì í fún opó ní ogún ọkọ. Ogún kọ́ ni mo ń bèèrè. Orí mi ni mo fi ru omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ǹtì ilé náà, èrè iṣu mi la fi ra páànù.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé rìsíìtì wà lọ́wọ́ yín?

Ìyá Rẹ̀mí: Gbogbo rẹ̀ wà nínú àpótí mi. Orúkọ ọkọ mi ni mo ní kí wọ́n kọ sí i.