Ọta wo ni kò ní fọ́ ẹran kékeré yángá?

Ẹ̀yin àgbà ọdẹ, mo júbà. Limpopo ní South Africa ni mo ń gbé, ìwé àṣẹ ìbọn mi pé, ìbọn .308 kan ṣoṣo ni mo sì ní. Steenbok ni mo sábà ń pa, ẹran kékeré bí ẹtu tiwa, bíi kílò 11.

Ọta soft point (èyí tí orí rẹ̀ rọ̀, tó ń fẹjú bó bá wọ ẹran) oní-150 grain (ìwọ̀n bí ọta ṣe wúwo tó) tí mo ń lò ń ba ẹran jẹ́ jù. Èyí tí mo yìn kẹ́yìn, ní nǹkan bíi mítà 60, apá iwájú méjèèjì ló lọ. Ajá ló jẹ ẹ́. Mo ti ń yìn ín sí ẹ̀yìn apá, kó má bàa kan eegun. Mo ti ra oní-180 grain tí kì í sáré tó bẹ́ẹ̀. Ó sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dì sínú ẹran. Ṣakabùlà bàbá mi kò yọ wá lẹ́nu báyìí rí!

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lo solid, ọta líle tí kì í fẹjú. Ẹ̀rù ń bà mí kí ó má lọ gba inú ẹran kọjá, kí ẹran sì gbé ọgbẹ́ sá wọ igbó.

Ẹ̀yin tí ẹ ti fi .308 pa irú ẹran yìí, láàárín mítà 50 sí 100, ṣé solid ni kí n lò, àbí soft point tó wúwo tí wọ́n dín ẹ̀tù rẹ̀ kù? Grain mélòó lẹ lò?