Pákó tí mo fẹ́ kọ́ oko kékeré lé lórí ti tẹ̀, ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn

Bàbá Tóbi, Àkúrẹ́: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Inú ń bí mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣa ohun ìṣeré oko jọ lọ́dọ̀ àwọn tó ń já bélì òkìrìkà: màlúù, àgùntàn, ẹṣin, katakata pupa kan báyìí, àní mo ní obìnrin kan tó gbé garawa wàrà dání. Ìyàwó mi ní ìdọ̀tí ni mo ń kó wọlé. Àbúrò mi tó wá láti Òǹdó rẹ́rìn-ín títí, ó ní ṣé mo ti padà di ọmọdé ni. Mo ní màá fi hàn wọ́n: màá to gbogbo wọn sórí pákó kó jọ oko gidi. Mo ra plywood, mo da gúlù funfun lé e, mo wọ́n lẹ́búlẹ́bú pákó tí mo pa láró sí i kó lè jọ koríko. Ilẹ̀ mọ́, pákó ti tẹ̀ bí ọrun! Bí mo bá gbé katakata lé e, á yí lọ fúnra rẹ̀. Káfíńtà tó tà á fún mi ò gbé fóònù mi mọ́. Gúlù wo ni kí n lò? Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé kí n jáwọ́, kó má wulẹ̀ sọ̀rọ̀.

Káfíńtà Ìjàpọ̀: Ẹ má di ẹ̀bi ru káfíńtà o. Báwo ni plywood yẹn ṣe nípọn tó? Ẹ ò sọ. Báwo ló ṣe gùn tó? Ẹ ò sọ. Omi ló wà nínú gúlù funfun. Tí ẹ bá dà á sí ojú kan ṣoṣo lára pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ojú yẹn á wú, bó bá wá ń gbẹ, á fà. Ẹ kan igi túù-báì-túù mọ́ abẹ́ rẹ̀ yí po, kí ẹ gba ọ̀kan sí àárín, kí ẹ sì kun ojú méjèèjì ní péńtì elépo kó gbẹ dáadáa kí gúlù tó kàn án.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ọjà Ọba: Ẹ ò rí i, ọkọ tèmi náà nìyí! Rédíò àtijọ́ ni tiẹ̀. Kò sí ìkankan tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹ má sì gbìyànjú láti gbá a nù. Ìyàwó yín ò jẹ̀bi.

Bàbá Tóbi: Màmá, ẹ ṣé, àmọ́ a ò sọ̀rọ̀ rédíò. Káfíńtà, fẹ́lẹ́ ni mo rà. Ṣé ẹ mọ iye tí wọ́n ń ta èyí tó nípọn ni?

Ọmọ Ìdànrè: Oko ibo lẹ fẹ́ kọ́ gan-an?

Bàbá Tóbi: Oko kòkó bàbá wa lọ́nà Ọ̀dà, kí òkè Ìdànrè wà lẹ́yìn lọ́ọ̀ọ́kán.

Ọmọ Ìdànrè: Háà! Màlúù òyìnbó nínú oko kòkó? Màlúù tiwa ní iké, ìwo rẹ̀ sì gùn. Ta ló ń wa katakata lábẹ́ kòkó? Àdá la mọ̀, àti páǹpù tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn fi fín oògùn. Ara ìtí igi gan-an ni kòkó ti ń so o. Tí ẹ bá lọ so ó rọ̀ sórí ẹ̀ka bí ẹni so ọsàn, a ò bá yín mọ̀ ọ́n. Kí ẹ sì wá ibì kan sá kòkó sí.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì: Ẹ jẹ́ kó kó màlúù tó wù ú síbẹ̀, oko tiẹ̀ ni. Ìwọ̀n ló ṣe pàtàkì. Ẹ dojú katakata yẹn dé, ẹ wo abẹ́ rẹ̀, wọ́n sábà máa ń kọ 1/32 síbẹ̀, ìyẹn ni pé ẹyọ kan nínú méjìlélọ́gbọ̀n ohun gidi ni gígùn rẹ̀. Ní 1/32, ẹni tó ga ní mítà 1.75 á jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5.5. Igi kòkó tó ga ní mítà 6 á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 19. Àmọ́ ní 1/87 tí àwọn tó ń to reluwé ìṣeré ń lò, èèyàn kan náà ò ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Ẹ to irú ìyẹn sẹ́yìn lẹ́sẹ̀ òkè, ojú á rò pé wọ́n jìnnà ni.

Ọmọ Ìdànrè: Olùkọ́, ẹ ò tíì dáhùn ọ̀rọ̀ màlúù.

Káfíńtà Ìjàpọ̀: Fóòmù funfun inú páálí tẹlifíṣọ̀n ni kí ẹ fi gbẹ́ òkè. Ẹ má fi gúlù tí àwọn ṣúmékà ń lò lẹ̀ ẹ́ o, ṣe ló máa jẹ fóòmù yẹn. Péńtì fífín inú agolo náà bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ ti kan igi mọ́ abẹ́ pákó?

Bàbá Tóbi: Ẹ má pariwo mọ́ mi. Mo ti wo abẹ́ wọn, 1/32 ni èyí tó pọ̀ jù, ike ni wọ́n. Àmọ́ màlúù mélòó kan àti ẹṣin méjì wà tí kò ní nọ́ńbà. Irin ni, ó wúwo, England ni wọ́n kọ síkùn wọn. Ẹsẹ̀ wọn rọ̀, ó ṣeé fọwọ́ tẹ̀. Àwọn ni mo fẹ́ràn jù, àbíkẹ́yìn mi ò sì jẹ́ kí n gbádùn wọn. Ó ń gé wọn jẹ, péńtì ń bó. Ó ti ba ẹṣin kan jẹ́.

Nọ́ọ̀sì Alágbàkà: Ẹ dúró ná. Irin tó wúwo, tó rọ̀ lọ́wọ́? Òjé (lead) nìyẹn, májèlé ni! Ọmọ ọdún mélòó ni?

Bàbá Tóbi: Kò tíì pé ọdún méjì. Ẹ̀yin náà, ohun ìṣeré ni. Ṣebí àwọn ọmọ òyìnbó ló fi ṣeré.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì: Òótọ́ ni nọ́ọ̀sì sọ. Òjé ni ilé iṣẹ́ Britains, àwọn tó ń ṣe ohun ìṣeré ní England, fi ń rọ ẹran oko wọn látijọ́, ọdún 1966 ni wọ́n tó jáwọ́ nínú ẹ̀. Péńtì ìgbà náà sábà máa ń ní òjé nínú pẹ̀lú.

Nọ́ọ̀sì Alágbàkà: Ẹ ti gbàgbé Zamfara ní 2010? Òjé inú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ nítorí góòlù pa ọmọ tó lé ní 400. Ọpọlọ ọmọdé ló ń bà jẹ́, ó sì lè má hàn sí yín lójú. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lónìí, ẹ sọ fún dókítà pé òjé ló ń jẹ, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ fọ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá yàrá yẹn, aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ọjà Ọba: Èmi ti wí pé ìyàwó ò jẹ̀bi.

Bàbá Tóbi: Tí mo bá fi sáńpépà ha péńtì yẹn kúrò, tí mo tún un kùn ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Alágbàkà: Rárá o! Eruku rẹ̀ gan-an ló burú jù.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì: Àpótí onígíláàsì tó ní kọ́kọ́rọ́, níbi tí ọwọ́ ọmọ ò tó. Kí oko yín jẹ́ ti oníke nìkan.

Bàbá Tóbi: Ìyá rẹ̀ ti pọ̀n ọ́n. A ń lọ.

Ọmọ Ìdànrè: Ọlọ́run á bá wa wò ó. Tí ẹ bá dé, ẹ jẹ́ ká gbọ́. Katakata pupa yẹn, ṣé Massey Ferguson ni? Bí ẹ bá máa tà á, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ pè.