Ẹ gbà mí o, wọ́n ní rheumatoid arthritis, àrùn oríkèé, ni!

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ̀yin ará, ẹ dákun. Tí mo bá jí, ìka mi á gan, ọwọ́ ò ní ṣeé dì fún wákàtí kan gbáko. Wọ́n kọ oògùn methotrexate fún mi. Mo ka ìwé inú páálí rẹ̀, àyà mi já. Ṣé n ò lè kọ́kọ́ fi oúnjẹ wò ó? Ṣé kí n pa wàrà tì?

Ìyá Ìbejì: Má dán an wò, ọmọ mi! Èmi náà yọ ṣúgà, mo yọ búrẹ́dì. Nígbà tó di oṣù kejì, ara tù mí, ni mo bá da oògùn nù. Ìka méjì tó wọ́ nígbà yẹn ò tíì nà dòní.

Bàbá Tóbi: Oúnjẹ kọ́ ló tù yín lára. Oògùn yẹn kì í yára, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 kó tó hàn. Ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ jẹ́ lẹ dà á nù.

Ìyá Ìbejì: Ṣé ẹ̀yin lẹ wà nínú ara mi ni? Mo fọn kílò mẹ́jọ o!

Bàbá Tóbi: Orúnkún yín á dúpẹ́, n ò jiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun ara yín gan-an ló ń bá oríkèé jà. Búrẹ́dì kọ́ ló rán wọn níṣẹ́.

Àjọkẹ́: Tèmi burú jù. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́, èmi ń gbé e mì lójoojúmọ́! Gbogbo ẹnu mi di egbò, ilé ìwòsàn ni mo bára mi. Àbẹ̀kẹ́, kọ ọjọ́ rẹ sára fìríìjì. Má sì sá fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, nítorí oògùn yìí lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Nọ́ọ̀sì Dúpẹ́: Ẹja ọlọ́ràá, epo ólífì, ẹ̀fọ́, ẹ̀wà: gbogbo ìyẹn dáa, pẹ̀lú oògùn ni o. Ẹni tó ń mu sìgá, kó jáwọ́.

Àjọkẹ́: Òtútù Toronto yìí ló ń dá kún tèmi.

Bàbá Tóbi: Ẹ̀yin ará Toronto náà ń pe ìyẹn ní òtútù? Ẹ wá sí Winnipeg, kí omijé dì mọ́ yín lójú.

Ìyá Ìbejì: Ará London ò lè dá sí i, òjò ló ń pa àwa. Oòrùn àárọ̀ ilé ni mo fẹ́ yá, kí n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má pè mí síbi iṣẹ́.

Àjọkẹ́: Ẹ má pa mí lẹ́kún o, màmá.

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, wàrà ńkọ́?