Àwòrán ilé tí a fẹ́ tà ní Ilé-Ifẹ̀: ta ló yẹ kó yà á, ta ló sì yẹ kó máa gbé e kiri?

Ará Parakin:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Èmi àti àwọn àbúrò mi fẹ́ ta ilé tí bàbá wa fi sílẹ̀ ní Parakin, níhìn-ín ní Ilé-Ifẹ̀. Búngalò oníyàrá mẹ́rin ni, ó ní kànga, ó ní fẹ́ńsì àti géètì, gbogbo àwa ọmọ sì ti fohùn ṣọ̀kan pé kí á tà á. Ìwé tí kóòtù gíga ń fún ọmọ olóògbé láti máa bójú tó ohun ìní wà lọ́wọ́ wa. A fi ilé náà lé àwọn ejẹ́ǹtì mélòó kan lọ́wọ́, ohun tó sì ń kọ mí lóminú báyìí ni àwọn àwòrán tí wọ́n ń gbé kiri lórí Facebook àti WhatsApp.

Ọ̀kan nínú wọn wá ya ilé náà lọ́sàn-án gangan, ó sì fi fóònù tún àwọn àwòrán náà ṣe débi pé ojú ọ̀run di aró, koríko tútù bo àgbàlá tó jẹ́ yẹ̀pẹ̀ pupa lásán, pálọ̀ wa sì fẹ̀ tó gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn yòókù kò tilẹ̀ dé ilé náà rí. Wọ́n gé orúkọ ẹni àkọ́kọ́ kúrò lára àwòrán rẹ̀, wọ́n kọ nọ́ńbà tiwọn sí i, oníkálukú sì fi iye tó wù ú sí i lábẹ́. Nígbà tí tọkọtaya kan wá láti Èkó láti wo ilé náà, ìyàwó dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, ó gbé fóònù rẹ̀ sókè sí ògiri, ó wo àwòrán, ó wo yàrá, ó wá bi mí bóyá ilé tí wọ́n fi hàn wọ́n nìyí. Láti ìgbà náà, gbogbo ohun tí mo sọ fún wọn ni wọ́n ń fura sí, títí kan ìwé ilé.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé olúwa ilé ló yẹ kó ya àwòrán fúnra rẹ̀ ni, àbí ejẹ́ǹtì? Ṣé ó dára kí ilé wà lọ́wọ́ ejẹ́ǹtì púpọ̀? Ṣé ó sì yẹ kí á fi ibi tó ti bàjẹ́ hàn? Ọ̀dá ìta ti ń ṣí, òjò sì ti fi àbàwọ́n sí àjà yàrá kan.

Ọmọ Ìrẹ̀mọ:

Ará Parakin, ẹ kú làálàá. Iṣẹ́ estate surveyor, ẹni tó ń díye lé ilé àti ilẹ̀ tó sì ń bójú tó títà wọn, ni mò ń ṣe, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ níhìn-ín ni mo sì ti kọ́ ọ.

Ọ̀ràn tí ẹ gbé wá yìí ju ọ̀rọ̀ ẹwà lọ. Ẹni tó fẹ́ ra ilé kò mọ̀ yín rí, àwòrán sì ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa gbọ́ láti ẹnu yín. Bí ó bá débẹ̀ tó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀, ìwé sọ́fè, ìyẹn ìwé tó fi ààlà ilẹ̀ hàn, ni yóò fura sí tẹ̀ lé e, kò sì sí ẹjọ́ tí ẹ lè rò tí yóò tètè wọ̀ ọ́ létí mọ́. Mo ti rí ilé tí ìwé rẹ̀ pé pérépéré tí oníbàárà kọ̀ sílẹ̀ nítorí pé òdòdó tó wà nínú àwòrán kò sí níbẹ̀. Ẹni tí kò bá tilẹ̀ kọ̀ ọ́ á já owó náà lulẹ̀ gidigidi, nítorí ó ti gbà pé ohun mìíràn ṣì wà tí a fi pa mọ́.

Ní ti iye ejẹ́ǹtì, ẹnì kan ni kí ẹ mú, kí ẹ sì bá a ṣe ìwé àdéhùn. Àwọn àgbà máa ń sọ̀rọ̀ alágbàtà tó ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Bí ilé kan bá wà lọ́wọ́ ènìyàn márùn-ún, oníbàárà yóò rí iye owó márùn-ún, yóò sì jókòó de èyí tó kéré jù lọ. Ẹ kọ iye tí ẹ fẹ́ sínú ìwé náà, ẹ kọ ohun tí ejẹ́ǹtì yóò gbà, tó sábà máa ń jẹ́ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ sì kọ ọjọ́ tí àdéhùn yóò parí. Oṣù mẹ́ta tó láti fi mọ̀ bóyá ẹni náà ń ṣiṣẹ́. Kí ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú pé àwòrán kankan kò gbọ́dọ̀ jáde láìjẹ́ pé ẹ ti rí i, àti pé ní ọjọ́ tí ilé bá tà ni yóò yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Ẹ má ṣe gbà fún ejẹ́ǹtì tó bá ní kí ẹ dárúkọ iye tiyín kí òun fi tòun lé e lórí. Ibẹ̀ ni iye tó wà lábẹ́ àwòrán kan ti ń yàtọ̀ sí ti òmíràn.

Ẹ tún béèrè bóyá ó forúkọ sílẹ̀. Láti 1969 ni ẹgbẹ́ wa, NIESV, ti wà, òfin tó sì dá ESVARBON sílẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ wa sílẹ̀, ti ń ṣiṣẹ́ láti 1975. Mo mọ àwọn ejẹ́ǹtì olóòótọ́ tí kò sí nínú wa, n kò sì ní bà wọ́n lórúkọ jẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ní ibi tí a ti lè fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Ayàwòrán Òkèsà:

Ẹ kú ìjókòó o. Iléṣà ni èmi wà. Àwòrán ilé ni mò ń yà, fún àwọn tó ń tà àti àwọn tó ń wá ayálégbé, iṣẹ́ náà sì ti pọ̀ lọ́wọ́ mi láti ìgbà tí wọ́n ti sọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ di Yunifásítì Iléṣà.

Kò sí àkókò tó burú tó ọ̀sán gangan. Oòrùn á wà lókè orí, òjìji òrùlé á ṣú bo iwájú ilé, ojú fèrèsé á sì funfun báláú tí ẹnikẹ́ni kò ní rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ilé bá kọjú sí ìlà-oòrùn, ẹ yà á láàárín agogo mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án àárọ̀. Bí ó bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́. Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń bo ojú ọ̀run àti ewé igi, kò sì sí àtúnṣe fóònù tó lè yọ ọ́ kúrò láìparọ́. Bí ẹ kò bá kánjú, ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ òrùlé ná.

Kí ẹ tó gbé fóònù rárá, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri ìta. Ní agbègbè wa, òjò máa ń ta yẹ̀pẹ̀ pupa sára ògiri, àbàwọ́n náà á sì ga dé orúnkún. Ojú ẹni tó ń gbé inú ilé ti mọ́ ọn, kò rí i mọ́, ṣùgbọ́n kámẹ́rà á gbé e jáde kedere, ilé tó lágbára á sì dà bí èyí tí omi ti ń jẹ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì líle, omi ọṣẹ àti ọ̀dá díẹ̀ ló ń fẹ́. Bákan náà ni kí ẹ ṣe sí ọ̀dá tó ń ṣí níwájú ilé. Iwájú nìkan tó, bí owó kò bá tó fún gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ pé iwájú nìkan ni ẹ kùn.

Lórí ọ̀pọ̀ fóònù òde òní, ẹ ó rí ibi tí wọ́n kọ 0.5 sí. Lẹ́ńsì náà ló ń fẹ pálọ̀ yín kọjá bó ṣe rí, ẹ má lò ó. Ẹ lo 1, ẹ dá fóònù dùbúlẹ̀, ẹ gbé e dé ọ̀kánkán àyà, ẹ dúró sí igun yàrá, kí ẹ sì rí i pé igun ògiri dúró ṣánṣán nínú àwòrán. Ẹ ṣí aṣọ fèrèsé sílẹ̀ gbayawu. Bí yàrá kò bá wọlé tán, ẹ yà á láti igun méjì, kí ẹ wá kọ gígùn àti ìbú rẹ̀ ní fíìtì sábẹ́ àwòrán. Ìwọ̀n yìí ni àwọn tó wà ní òkè òkun ń béèrè jù lọ, nítorí wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ibùsùn wọn yóò wọ̀ ọ́.

Ní ti àjà tí òjò bà jẹ́, ẹ pe oníṣẹ́ páànù kó dí ibi tó ń jò. Lẹ́yìn náà, ẹ ya àbàwọ́n náà bó ṣe wà, kí ẹ sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé òjò jò níbí tẹ́lẹ̀, a ti tún páànù ṣe. Bí ẹ bá kàn kun ọ̀dá lé e, òjò tó ń bọ̀ ni yóò fi í hàn, ó sì lè jẹ́ pé ọjọ́ tí oníbàárà bá wá ni òjò náà yóò rọ̀.

Ẹ ya kànga, mítà iná, ẹ̀yìnkùlé, àti ọ̀nà tó wọ ilé láti ojú títì. Ẹ yọ fọ́tò ẹbí kúrò lára ògiri, ẹ sì bo nọ́ńbà mọ́tò. Bí ayálégbé bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó ya yàrá rẹ̀. Ẹ pa ètò tó ń kọ ibi tí fóònù wà sínú àwòrán. Bí ẹ bá fi àwòrán ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí ìwé dípò bí fọ́tò, àmì ibi náà máa ń bá a lọ.

Ejẹ́ǹtì Títì Ẹdẹ:

Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbẹnu sọ fún àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn onílé kan máa ń fi ilé kan ṣoṣo lé ejẹ́ǹtì mẹ́wàá lọ́wọ́ láìsí ìwé kankan. A ó wọ mọ́tò, a ó ra dátà, a ó mú oníbàárà lọ wò ó, ẹlòmíràn á sì gba owó. Ta ni yóò wá ná owó ayàwòrán sórí ilé bẹ́ẹ̀? Ohun tó bá wà nílẹ̀ ni oníkálukú á mú. Mo gbà pé kò dára, mo sì kórìíra rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ onílé ni àtúnṣe rẹ̀ wà. Ejẹ́ǹtì tó mọ̀ pé òun nìkan ni wọ́n fi ilé lé lọ́wọ́ á fi ara ṣiṣẹ́.

Ní ti lẹ́ńsì 0.5, èmi àti Ayàwòrán kò rí i bákan náà. Ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná tó há kò ṣeé yà lọ́nà mìíràn, bí a bá sì ti kọ ìwọ̀n rẹ̀ síbẹ̀, a kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Kí a mú àwòrán mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i kò burú pẹ̀lú. Fífi koríko síbi tí koríko kò sí ni irọ́.

Ẹ kọ orúkọ àdúgbò, ẹ má kọ nọ́ńbà ilé, kí nọ́ńbà ojúlé má sì hàn nínú àwòrán. Ẹ̀yin náà ń rí ògiri tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé ilé yìí kì í ṣe títà. Àwọn oníjìbìtì máa ń jí àwòrán, wọ́n á fi gba owó àyẹ̀wò tàbí àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó wà lọ́nà jíjìn. Ẹ fi Google Lens, ètò orí fóònù tó ń wá irú àwòrán kan lórí ayélujára, wo àwòrán iwájú ilé yín lóòrèkóòrè; ó lè fi ibòmíràn tó ti yọjú hàn yín.

Ará Parakin:

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. A ó mú ẹnì kan, a ó sì tún àwòrán yà lẹ́yìn tí oníṣẹ́ páànù bá ti parí. Ó ku ohun kan tó ń dẹ́rù bà mí: ọ̀kan nínú àwọn ejẹ́ǹtì náà ti fi fóònù ya àwòrán ìwé sọ́fè wa, ó sì ti gbé e sínú ẹgbẹ́ WhatsApp wọn. Kí ni kí n ṣe?

Agbẹjọ́rò Ẹ̀nuwà:

Lónìí ni kí ẹ ní kó pa á rẹ́ fún gbogbo wọn, kí ẹ sì fi ìbéèrè náà ránṣẹ́ ní kíkọ kí ẹ̀rí lè wà. Nọ́ńbà òkúta ààlà àti ibi tí ilẹ̀ náà wà gan-an ló wà lórí sọ́fè, ẹni tó bá fẹ́ ṣe ayédèrú kò sì nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí lọ́yà yín kọ lẹ́tà sí ejẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan pé ẹ ti gba ilé náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì ṣe àyẹ̀wò ní ibi ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ ní Òṣogbo láti mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ti mú ìwé kankan wá lórí ilẹ̀ yẹn.

Láti ìsinsìnyí lọ, lọ́yà ẹni tó fẹ́ rà nìkan ni kí ẹ fún ní ẹ̀dà ìwé, lẹ́yìn tí ó bá ti wo ilé tí ẹ sì ti jọ sọ iye, kí ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sórí ẹ̀dà náà pé fún àyẹ̀wò nìkan ni, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ẹ fún àti ọjọ́. Ejẹ́ǹtì kò nílò ẹ̀dà láti ya àwòrán. Ẹ má sì fún un ní ìwé agbára láti tọwọ́ bọ̀wé ní orúkọ yín. Ẹ̀yin tí orúkọ yín wà nínú ìwé kóòtù ni kí ẹ tọwọ́ bọ ìwé títà, ìyọ̀ǹda Gómìnà tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 béèrè sì gbọ́dọ̀ wà kí títà náà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Kí owó wọ àkáǹtì yín tàbí ti lọ́yà yín, kó má gba ọwọ́ ejẹ́ǹtì kọjá. Bákan náà, òfin 2022 tó de fífi owó ṣe màgòmágó kò gba ẹnì kan láàyè láti san tàbí láti gba ju ₦5 mílíọ̀nù lọ lówó ọwọ́, nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá ní òun yóò kó owó ilé wá nínú àpò, báńkì ni kí ẹ júwe fún un.