Káfíńtà ba iṣẹ́ mi jẹ́, mo fẹ́ gbé e lọ sí kóòtù gbèsè kékeré, ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ owó tí kò pọ̀ jù. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Ṣadé: Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ káfíńtà kan. Mo gbé iṣẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná fún un, ó ní kò ní pẹ́. Bí mo bá pè é, á ní òun ti wà lọ́nà. Ọkùnrin yìí kan náà ló ń fi mọ́tò tuntun ṣe fáàrí lórí WhatsApp! Ìgbà tó wá gbé e dé, ilẹ̀kùn kan ò bá èkejì dọ́gba. Tapá òsì, páálí ni mo máa ń ká há a lẹ́nu kó má baà ṣí fúnra ẹ̀. Àbúrò ọkọ mi ló júwe ẹ̀ fún mi, òun náà ò gbé fóònù mi mọ́. Mo fẹ́ gba gbogbo owó mi, kó sì san owó ìrora tó fi jẹ mí. Ṣé mo nílò lọ́yà? Kí ni wọ́n máa bi mí?

Bọ̀dé: Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má náwó lọ́yà. Ẹ kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí i pé iye báyìí ni ẹ fẹ́ gbà, ẹ dá ọjọ́ fún un, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Bí ò bá dáhùn, ẹ lọ gba fọ́ọ̀mù ní kóòtù: ta lẹ̀ ń pè, èló, torí kí ni. Ẹ san owó ìpẹ̀jọ́, wọ́n á fi ìwé ránṣẹ́ sí i.

Ìyá Ìbejì: Káfíńtà! Tèmi gba owó àga lọ́wọ́ mi, ó kó kúrò ládùúgbò. Adájọ́ dá mi láre o, àmọ́ n ò tíì fojú kan owó náà. Kóòtù kì í bá èèyàn gbowó, ìdájọ́ ni wọ́n ń fún ẹ. Ìwọ lo máa tún padà lọ sanwó kí akódà tó lè lọ gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù ẹ̀.

Alàgbà Káyọ̀dé: Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, kóòtù ti yá jù lẹ́nu yín. A kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́.

Fúnmi: Bàbá, ta ló fẹ́ bá káfíńtà ṣọ̀rẹ́? Àǹtí, ẹ gba lọ́yà ní tiyín.

Bọ̀dé: Fúnmi, lọ́yà kẹ̀? Ní California, wọn kì í jẹ́ kí lọ́yà báni rojọ́ ní kóòtù yẹn. Ní England ẹ lè mú un wá, àmọ́ bẹ́ ẹ tiẹ̀ jàre, ẹ̀yin lẹ máa sábà sanwó ẹ̀.

Fúnmi: Ta ló ń sọ̀rọ̀ California? Èkó ní tiẹ̀, láti 2018 ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹjọ́ tí owó ẹ̀ ò ju 5,000,000 náírà lọ ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀.

Bọ̀dé: Ṣé ó sọ fún ẹ pé Èkó lòun wà ni? Ní England, 10,000 pọ́n-ùn ni. Àǹtí, ibo lẹ wà? Èló lowó náà?

Ṣadé: Alàgbà, mo ti ní sùúrù kọjá ààlà, ẹ má bá mi wí. Mo láwòrán, mo ní gbogbo ohun tá a jọ sọ lórí WhatsApp, títí kan ibi tó ti bú mi.

Bọ̀dé: Ti èébú kọ́ ni adájọ́ máa bi yín o. Kí lẹ jọ ṣàdéhùn? Èló lẹ san, ọjọ́ wo? Kí ló bàjẹ́ gan-an? Ẹ tẹ gbogbo ẹ̀ sórí bébà, kẹ́ ẹ tò ó bí ọjọ́ ṣe tẹ̀ léra. Ẹ wá káfíńtà mìíràn kó kọ iye tó máa fi tún un ṣe sílẹ̀. Owó ìrora yẹn, ẹ gbàgbé ẹ̀. Ẹ sì wo rìsíìtì yín dáadáa: ṣé orúkọ ẹ̀ ló wà níbẹ̀ ni àbí ti iléeṣẹ́ ẹ̀? Ẹni tó gbowó lẹ máa pè lẹ́jọ́. Àbí ẹ ò tíì san gbogbo ẹ̀?

Ṣadé: Ìdajì ni mo san. Ta ló máa sanwó pé lórí ilẹ̀kùn tó wọ́? Ìyẹn ló bí i nínú tó fi ní kí wọ́n gbé ìwé kan wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àbúrò mi ni wọ́n fún lẹ́nu ọ̀nà. Wọn ò fi lé èmi lọ́wọ́, torí náà kò kàn mí. Tèmi ni mo kọ́kọ́ fẹ́ pè.

Ìyá Ìbejì: Ṣadé, ìwé wo? Ṣé òǹtẹ̀ kóòtù wà lára ẹ̀?

Ṣadé: Ó wà níbẹ̀ mà. Orúkọ mi ni wọ́n kọ síbi olùjẹ́jọ́.

Fúnmi: Yéè! Ó ti pè yín lẹ́jọ́!

Bọ̀dé: Àǹtí, ẹ dá gbogbo ohun tá a ti ń sọ dúró ná. Ọjọ́ tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ dáhùn ti ń lọ. Ní Èkó, ọjọ́ 7 ni. Ní England, ọjọ́ 14, póòsì lásán sì tó láti fi jíṣẹ́ fún yín, torí náà ẹ má gbára lé ọ̀rọ̀ pé wọn ò fi lé yín lọ́wọ́. Bẹ́ ẹ bá dákẹ́, adájọ́ lè dá a láre láìgbọ́ tẹnu yín. Inú ìdáhùn yẹn náà lẹ ti máa kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀, kì í ṣe pé kẹ́ ẹ lọ bẹ̀rẹ̀ tiyín lọ́tọ̀.

Alàgbà Káyọ̀dé: Mo ṣáà ti sọ. Ẹ pè é, kẹ́ ẹ jọ yanjú ẹ̀.

Fúnmi: Kó pè é, àmọ́ kó dáhùn ìwé ná. Ìpè fóònù kì í dá ọjọ́ kóòtù dúró.

Ṣadé: Ṣé wọ́n máa ń ka Sátidé àti Sọ́ńdè mọ́ ọn? Tó bá sì jẹ́ pé mo ti ń kó abọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù náà, ṣé ìyẹn lè ṣàkóbá?

Ìyá Ìbejì: O ti ń lò ó kẹ̀?

Bọ̀dé: Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí nínú ìdáhùn yín, torí òun náà máa sọ ọ́. Ní ti ọjọ́, akọ̀wé kóòtù tí nọ́ńbà ẹ̀ wà lórí ìwé yẹn lẹ máa bi. Ẹ pè é lónìí.