Kí ló wà nínú ẹja agolo tó ń fà mí báyìí?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Ọmọ Oǹdó ni mí, Àkúrẹ́ ni mo ń gbé, Alágbàká ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lánàá, mo gúnyán, mo se ẹ̀gúsí, mo kó ẹran ìgbẹ́ sí i. Gbogbo ilé jẹ, wọ́n yìn mí. Nígbà tí wọ́n sùn tán, Geisha ni mo lọ ṣí! Mi ò tiẹ̀ gbé e kaná. Mo rẹ́ àlùbọ́sà àti ata tútù lé e nínú agolo, mo fi búrẹ́dì nu tòmátò ìdí rẹ̀ mọ́ féfé. Kí n má parọ́, ó dùn mọ́ mi ju ẹ̀gúsí yẹn lọ. Ti àwọn ọmọ, indomí ṣáá ni. Ìyá ọkọ mi ń bọ̀ ní Sátidé. Ṣé kí n kó agolo pamọ́ ni, àbí kí n jáwọ́ pátápátá?

Ìyá Ìbejì: Àǹtí mi, kò sóhun tó ń ṣe yín. Ẹni tó bá dúró ti iná látàárọ̀, òórùn ọbẹ̀ yẹn á ti yó o kó tó bù ú. Ẹlòmíì ló se Geisha, ẹ̀yin kàn jẹ ẹ́ ni.

Bàbá Ìjàpọ̀: Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Mi ò gbọ́ agolo níbẹ̀ o.

Ìyá Ìbejì: Bàbá, ta ló ń gún iyán ọ̀hún nílé yín?

Ọmọ FUTA: Ìmọ̀ oúnjẹ ni mo kà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti indomí. Òróró gbígbóná ni wọ́n ti fi dín in kí wọ́n tó dì í sínú ọ̀rá, ìyẹn ló fi ń tètè rọ̀. Momofuku Ando, ará Japan, ló gbé irú rẹ̀ jáde lọ́dún 1958. Òróró, iyọ̀ àti ajinomoto ló para pọ̀ níbẹ̀, ahọ́n wo ló máa sá fún un? Ohun tó ń mú ajinomoto dùn yẹn náà wà nínú irú tí à ń fi sọ́bẹ̀. Iyọ̀ ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún: àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kó má tó gíráàmù 5 lóòjọ́ fún àgbàlagbà. Ẹ má da gbogbo èlò inú ọ̀rá kékeré yẹn sí i, ẹ já ẹ̀fọ́ sí i, kẹ́ ẹ fọ́ ẹyin lé e. Ti ẹja agolo kò burú rárá. Wọ́n ti dé e pa kí iná tó rọ egungun ẹ̀, torí náà ẹ rún egungun yẹn jẹ.

Màmá Ọlọ́jà, Ọjà Ọba: Agolo tó bá ti wú, ẹ má tọ́ ọ wò, bó ti wù kí wọ́n dín owó ẹ̀ kù tó. Májèlé ni. Ní ti ìyá ọkọ, ta ló sọ pé wọn kì í jẹ ẹ́? Àwọn màmá àgbà ló ń ra sadíìnì jù lọ́wọ́ mi, ìsàlẹ̀ báàgì ni wọ́n ń kì í sí.

Ẹni tó béèrè: Háà! Ẹ ṣeun o. Màmá Ọlọ́jà, èló ni páálí Geisha kékeré báyìí?