Ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà? Lórí "ìjàǹbá", "ìkọlù" àti orúkọ tó yẹ ìwà awakọ̀

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé kẹ́yìn dábàá pé kí a pa "ìjàǹbá ọkọ̀" tì, kí a máa kọ "ìkọlù ọkọ̀" dípò rẹ̀, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣàlàyé, ìjàǹbá ń mú kó dà bí ẹni pé kò sí ọwọ́ ènìyàn nínú ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n tún mú "àsanpadà ewu" ("risk compensation" ní Gẹ̀ẹ́sì) wá fún àbá àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá tó sọ pé bí a bá fi ààbò kún ọkọ̀, awakọ̀ a máa fi ewu kún bó ṣe ń wà á. Ẹ̀kẹta ni "ìbínú ojú pópó", fún irú inú fùfù tó ń mú kí awakọ̀ méjì sọ̀ kalẹ̀ láàárín títì kí wọ́n máa gbéná wojú ara wọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, nítorí ọ̀rọ̀ tó yẹ ká ti sọ tipẹ́ ni wọ́n gbé kalẹ̀. Síbẹ̀, mo tọrọ gáfárà láti yapa sí wọn lórí méjì àkọ́kọ́, kí n sì fi díẹ̀ kún ẹ̀kẹta.

Àríyànjiyàn lórí ìjàǹbá yìí, inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ti ṣẹ̀ wá. Ní ọdún 2001, British Medical Journal, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, kéde pé òun kò fẹ́ rí "accident" mọ́ nínú ohun tí òun ń tẹ̀ jáde, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ń sọ fún òǹkàwé pé ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè rí tẹ́lẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè dènà, ló ṣẹlẹ̀. Ní 2013, àwọn ọlọ́pàá ìlú New York náà kọ̀ ọ́ sílẹ̀, wọ́n mú "collision". Nílé, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì ṣe alága rẹ̀, "crash" ni wọ́n ń kọ sínú ìwé wọn báyìí. Ìjà tó tọ́ ni. Ohun tí mo ń bi ara mi ni pé, ṣé ìjàǹbá tiwa dá ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n torí rẹ̀ lé "accident" jáde?

Lójú mi, kò dá a. Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń tu ẹlẹ́ṣẹ̀ sílẹ̀, tó fi jẹ́ pé ọmọ tó fọ́ àwo lè ní "accident" ni, èèṣì ni tiwa. "Mo ṣèèṣì ni" ni ọmọ wa ń wí bó bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ pàṣán. N kò tíì gbọ́ ọmọ tó wí pé "ìjàǹbá ni, ẹ má nà mí". Bí a bá sì fẹ́ sọ pé ibi kan já lu ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, a ní àgbákò: ó kàgbákò. Ṣùgbọ́n ìjàǹbá ní ọwọ́ nínú, ó sì sábà máa ń jẹ́ ọwọ́ tí kò mọ́. Ẹni tó ta ilẹ̀ fún ènìyàn mẹ́ta, jàǹbá ló ṣe fún wọn. Oníjàǹbá kì í ṣe ẹni tí aburú ṣẹlẹ̀ sí, òun gan-an ni aburú náà. Ó jọ lójú mi pé ọ̀rọ̀ náà bá "zamba" àwọn Haúsá tan, èyí tí í ṣe ẹ̀tàn àti ìrẹ́jẹ. Nítorí náà, bí a bá torí ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan "accident" lé ìjàǹbá jáde, ẹni tí kò sí níbi ìjà la lù.

"Ìkọlù" sì ní àléébù tirẹ̀. Àwọn adigunjalè ń kọlu ilé, ọmọ ogun ń kọlu ìlú. Bí ọkọ̀ bá kọlu ọkọ̀, ó ṣì yé wa. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ bẹ́ lórí eré, tó gbòkìtì lẹ́ẹ̀mẹta sínú igbó láìfara kan ẹnikẹ́ni, kí ló kọlù? A tún ti ní ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtó ju ìyẹn lọ: ọkọ̀ méjì forí gbárí, ọkọ̀ kan forí sọ igi. Ẹ jẹ́ kí a fi ìkọlù sílẹ̀ fún ibi tí nǹkan bá ti kọlu nǹkan ní tòótọ́.

Ibi tí ẹ̀gbọ́n ti jàre, tí n kò sì fẹ́ kó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ni pé awakọ̀ máa ń pòórá nínú ìròyìn wa. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ ló ń gbé e pamọ́, gbólóhùn ni. Ẹ wo irú èyí tí a ń gbọ́ lórí rédíò lójoojúmọ́: "Ìjánu ọkọ̀ akẹ́rù kan daṣẹ́ sílẹ̀, ọkọ̀ náà yà bàrá wọ inú ọjà, ó sì pa ènìyàn mẹ́rin." Nínú gbólóhùn yìí, ìjánu ló daṣẹ́ sílẹ̀ bí òṣìṣẹ́ tí wọn kò sanwó fún, ọkọ̀ ló yà, ọkọ̀ náà ló sì pa ènìyàn. Ẹni tó gun orí ìjókòó, tó ti ń gbọ́ tí ìjánu ń ké bí irin tó ń ha irin láti àná, tó wí pé òun yóò tún un ṣe bí òun bá dé, kò sí níbì kankan. Kódà nígbà tí a bá mẹ́nu kàn án, ohun tí a ń wí ni pé ọwọ́ rẹ̀ kò ká ọkọ̀ mọ́, bí ẹni pé ọkọ̀ náà ló dàgbà ju ọwọ́ lọ. A lè fi ìkọlù rọ́pò ìjàǹbá ní ìgbà ẹgbẹ̀rún, gbólóhùn yẹn yóò ṣì wà bó ṣe wà.

Ẹ fi í wé "eré àsápajúdé". N kò mọ ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ mi nínú ju èyí lọ nínú gbogbo ohun tí àwọn oníròyìn Yorùbá ti fi kún èdè wa. Wọn ì bá ti kọ "eré àpọ̀jù", èyí tí yóò bá ti Gẹ̀ẹ́sì mu rẹ́gí tí kò sì ní ní adùn kankan. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n wo ojú ẹni tó ń sáré, wọ́n rí i pé ó pa á dé. Ìwọ̀n eré kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń wọ̀n, ohun tí awakọ̀ fi ojú rẹ̀ ṣe ló ń sọ. A kò lè lò ó láìsí pé ènìyàn kan wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń bẹ ní pípadé. Bí a óò bá máa ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ìwà awakọ̀, bí àwọn tó ṣe èyí ṣe ṣe é ni mo fẹ́ kí àwa náà máa ṣe é.

Èyí ló gbé mi dé orí "àsanpadà ewu". Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo fojú ara mi rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo wọ ọkọ̀ èrò láti Ìbàdàn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo jókòó síwájú. Dẹ́rẹ́bà wa fa bẹ́líìtì kọjá àyà, kò kì í bọnú ihò. Ó kàn gbé e lé ara bí ìborùn, ìka rẹ̀ kan sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ itan títí tí a fi kọjá àwọn ẹ̀ṣọ́. Bó ṣe jọ̀wọ́ rẹ̀ ni ọkọ̀ gbéra sọ. Màmá àgbàlagbà kan tó wà lẹ́yìn mi ní, "Dẹ́rẹ́bà, ọmọ mi, rọra, àwọn tó ń retí wa kò tíì gbé omi ọkà kaná." Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ fọkàn yín balẹ̀, táyà tuntun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i." Màmá dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Àṣé táyà lo fi ń gbójú."

Ọ̀rọ̀ màmá yìí ni àwọn onímọ̀ ti fi ọdún púpọ̀ wádìí. Sam Peltzman, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 1975 pé lára àǹfààní tí òfin ààbò ọkọ̀ yẹ kó mú wá ni awakọ̀ ń fi ìwàkuwà ná dànù. Ní 1982, Gerald Wilde, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní Kánádà, fẹ àbá náà lójú sí i. Ní ìlú Munich, ní Jámánì, wọ́n fi ìjánu tuntun tí kì í jẹ́ kí táyà há sínú apá kan nínú àwọn takisí ilé iṣẹ́ kan, wọ́n sì fi apá kejì sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìjàǹbá àwọn tó ní ìjánu tuntun kò dín sí ti àwọn yòókù. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn awakọ̀ yẹn ń gé kọ́nà gan-an ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n sì ń sún mọ́ ìdí ọkọ̀ tó wà níwájú wọn.

Nínú gbogbo èyí, ta ló ń san nǹkan padà fún ta? "Àsanpadà" jẹ́ ọ̀rọ̀ gbèsè àti gbà-máà-bínú. Ẹni tó bá gbọ́ "àsanpadà ewu" láìrí Gẹ̀ẹ́sì tó wà lábẹ́ rẹ̀ yóò rò pé owó tí wọ́n ń fún ẹni tó fara pa ni. Èmi dábàá "ìfààbògbójú": kí a fi ààbò gbójú. Ọ̀nà tí "ìfọwọ́sowọ́pọ̀" àti "ìfẹ̀míwewu" gbà wọ èdè ló gbà wọlé. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò fẹ́ "ìgbójúlé ààbò", ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé "gbójú" méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Èyí tó wà nínú "gbójú lé" jẹ́ gbé ojú lé, tí í ṣe ìgbẹ́kẹ̀lé, kò sì lẹ́bi. Ẹni tó gbójú lé bẹ́líìtì rẹ̀ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Èyí tó wà nínú ọ̀rọ̀ màmá jẹ́ ojú tó gbó, ojú tí kò bẹ̀rù mọ́. Ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni àbá náà dúró lé.

Àtakò kan wà tí mo fẹ́ dáhùn kí ẹlòmíràn tó gbé e dìde. Wilde kò sọ̀rọ̀ gbójúgbójú nìkan. Ó ní ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ewu tí ara rẹ̀ gbà, àti pé bí ewu bá pọ̀ ju ìwọ̀n náà lọ lójú rẹ̀, yóò rọra. Ní Sweden, ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1967, nígbà tí wọ́n kó gbogbo ọkọ̀ kúrò ní apá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún, bí àwa náà ṣe ṣe ní Nàìjíríà ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin, ọdún 1972, ẹ̀rù ba awakọ̀ débi pé ìjàǹbá dín kù fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ọ̀tún mọ́ wọn lára, iye rẹ̀ padà sí bó ṣe wà. Ẹni tó mọ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn nígbà tó jẹ́ kòtò lọ́tùn-ún lósì, tó sì tún gba ibẹ̀ kọjá nígbà tí wọ́n ti tún un ṣe, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún un. Fún ìwọ̀n yẹn, mo dábàá "ewu àfaramọ́". Ìfààbògbójú yóò dúró fún ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, mo sì rò pé ẹ̀gbẹ́ tí a máa ń nílò jù nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọ̀rọ̀ náà sọ pé bẹ́líìtì kò wúlò: bẹ́líìtì ń gba ẹ̀mí là, àwọn onímọ̀ púpọ̀ sì bá Peltzman jiyàn lórí bí ohun tó ń ṣòfò ṣe pọ̀ tó.

Méjì mìíràn kò ní gbà wá lákòókò. Ní 1981, Ola Svenson, olùwádìí kan ní Sweden, bi àwọn awakọ̀ léèrè bí wọ́n ṣe mọ ọkọ̀ wà sí: 93 nínú 100 ní Amẹ́ríkà àti 69 nínú 100 ní Sweden ló ka ara wọn mọ́ ìdajì tó mọ̀ ọ́n wà jù. A kò nílò ọ̀rọ̀ tuntun fún ìyẹn, ìjọra-ẹni-lójú ti wà nílẹ̀. Ní ti ẹni tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ àkọsílẹ̀ lójú rẹ̀, "ìfikádàrákẹ́wọ́" tó o. Kì í sì í ṣe Ògún ni mo ń bá wí. Onímọ́tò tó ń bẹ Ògún pé kó má bá òun jà lè jẹ́ ẹni tó ń yẹ irin rẹ̀ wò láràárọ̀.

Lórí "ìbínú ojú pópó", n kò ní ìjà púpọ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé ó lè túmọ̀ sí ẹni tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ sú, tó sì jókòó jẹ́ẹ́ sínú ọkọ̀ rẹ̀ tó ń bínú. Ẹni yẹn kò léwu. Ẹni tó ń fi ìbínú náà wa ọkọ̀ ni a ń wá, nítorí náà "ìfìbínúwakọ̀" bá a mu jù.

Ọ̀kan ṣẹ́ kù tí n kò rí orúkọ fún: ti awakọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ tó wà níwájú, tó ń tan iná sí i lójú. Lórí eré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ọkọ̀ ń gba ìwọ̀n mítà 28 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, kí ẹsẹ̀ tó kúrò lórí ìtẹ̀ kan bọ́ sórí èkejì. Mo gbìyànjú "ìlẹ̀mọ́dìí", àbúrò mi obìnrin sì fi mí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀yin tó wà ní Abẹ́òkúta, ní Oǹdó, ní Kétu, kí ni àwọn onímọ́tò gáràjì yín ń pè é?